Bàbá Samira Gbé Ìyàwó Rẹ̀ Dé Ìwọ̀-Oòrùn

Tẹ́ ẹ bá rí Kamarou, bàbá Samira, lọ́nà oko ní Manigri, ẹ wẹ̀yìn dáadáa: Lamatou ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ lókèèrè, agbọ̀n lórí. Bí wọ́n ṣe ń rìn nìyẹn láti ìgbà ìgbéyàwó. Èmi Djamilatou, ìyàwó àbúrò Kamarou, ẹnu mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó lórí ọ̀rọ̀ yìí. "Ṣebí ó mọ̀nà," ni Bàbá Samira yóò wí.

Lọ́dún tó kọjá, Samira tó ń ṣe olùkọ́ ní Bassila gbé kọ̀ǹpútà wálé. Eré orí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà nínú rẹ̀. Àwọn olùkọ́ ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, kí ọmọ ilé-ìwé lè mọ bí àwọn baba ńlá wọn ṣe fi kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà lọ sí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ wọn. Bàbá jókòó láti ta á, ẹ̀rọ sì bi í pé ta ni yóò bá a rìn. Ó ní Lamatou. Ló bá ń na màlúù inú ẹ̀rọ, kò sinmi, kò mu omi. Kò pẹ́, Samira ka ohun tí ẹ̀rọ kọ: "Lamatou ti kú. Ìgbẹ́ ọ̀rìn ló pa á."

"Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ," ni Bàbá wí, ó sì tún na màlúù.

Yéè! Lamatou wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Ẹ sin mí tán, ẹ ò tiẹ̀ sọkún!" Ó di ẹrù, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ní Doguè. Ó ní òun ò ní padà àfi tí wọ́n bá gbé òun dé ìwọ̀-oòrùn yẹn láàyè.

Oúnjẹ ò wọ Bàbá lọ́fun mọ́. Ó jókòó ti ẹ̀rọ, ó tún pa Lamatou inú rẹ̀: odò ló gbé e lọ lọ́tẹ̀ yìí. Mo rẹ́rìn-ín gan-an. "Bàbá Samira, ẹ jẹ́ kí obìnrin yìí sinmi!" Inú bí i, àmọ́ ó gbọ́. Bí Lamatou inú ẹ̀rọ bá ti ṣàìsàn, ó dúró. Oúnjẹ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, yìnyín bá wọn lọ́nà, Bàbá ń làágùn, ó ń bẹ Ọlọ́run. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni wọ́n dé ìwọ̀-oòrùn. Samira pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù: "Ìyá, ẹ ti dé o, ẹ ò kú!"

Lamatou padà wálé. Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo ń lọ sóko, mo bá Bàbá lábẹ́ igi kajú, ó jókòó. Mo bi í pé: "Ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan. Mò ń dúró dè é ni."

Lamatou yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Bàbá dìde, ó gba agbọ̀n lórí rẹ̀.

"Bàbá Samira," ni Lamatou wí, "mi ò tíì kú o."

"Mo mọ̀," ni Bàbá dáhùn. "Ìdí tí mo fi dúró nìyẹn."