Imú Àbúrò Mi Lẹ́nu Ìyá Àgbà

Bí mo bá gbọ́ òórùn efinrin, ọ̀sán ọjọ́ kan ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ló ń wá sọ́kàn mi. Ọ̀fìnkìn ti dí imú àbúrò mi jòjòló pa, kò lè mu ọmú. Ìyá àgbà gbo efinrin, ó fi ra á láyà, ló bá ki imú ọmọ bọ ẹnu, ó ń fà á.

Mo sá tọ àwọn obìnrin tó ń pọnmi nídìí ẹ̀rọ: "Ẹ gbà wá o, Ìyá àgbà ń jẹ ọmọ."

Ikun ló ń fà jáde kí ọmọ lè mí, èmi ò mọ̀.

Ìgbà tí a wọlé, ọmọ ti ń mu ọmú. Ìyá àgbà ti gbọ́ igbe mi, ó nu ẹnu, ó wò mí. "Bí mo ṣe jẹ ìwọ náà nìyẹn."

Mo fọwọ́ bo imú mi.