Omi Ìwẹ̀ Ọmọ Mọ̀ríámọ̀

Kí àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú tó wọ ìlú Tamale, Àjọkẹ́ ni tọmọdé tàgbà ń pe Wúlẹ̀mọ̀tù. Ìlẹ̀kẹ̀ ló ń kiri tà, ẹ̀rín rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń mọ̀ pé ó ń bọ̀. Nígbà tí àrùn ń pa àwọn obìnrin Yorùbá àdúgbò, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan òkú wọn, òun ló ká apá aṣọ, tó ń wẹ̀ wọ́n fún ìsìnkú. Oore ni igún ṣe tó fi pá lórí. Láti ìgbà náà ni orúkọ rẹ̀ ti di Ìyá Awẹ̀kú. Bó bá yà kí ẹnikẹ́ni lásán, wọ́n á ní ta ló kú.

Lọ́dún 1935, Mọ̀ríámọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Wúlẹ̀mọ̀tù bí, bí obìnrin sílé ọkọ ní Lamashegu. Ta ni kò mọ̀ pé ìyá ìyá ọmọ ló ń wẹ ọmọ tuntun? Wúlẹ̀mọ̀tù ra ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn, ó fẹsẹ̀ rìn láti ilé rẹ̀ ní Sakasaka. Ràbíátù, ìyá Sùfíyánù ọkọ Mọ̀ríámọ̀, dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Hàbá, Ìyá Awẹ̀kú! Ọwọ́ tẹ́ ẹ fi ń wẹ òkú? Ẹ má bínú, a ti rí ẹni tí yóò wẹ̀ ẹ́."

"Ọmọ ọmọ mi ni, Ìyá Sùfíyánù. Ẹ jẹ́ n gbé e lẹ́ẹ̀kan péré."

"Ó di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ."

Mọ̀ríámọ̀ ń sunkún nínú yàrá, ṣùgbọ́n ta ní ń gbọ́ ti ìyàwó ilé? Ìtìjú bo Wúlẹ̀mọ̀tù. Ó gbé ọṣẹ rẹ̀ padà sílé, ó ń ka ọjọ́.

Nígbà tí ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, ibà pa ọmọ náà. Ràbíátù fúnra rẹ̀ ló sáré wá sí Sakasaka.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Awẹ̀kú, ẹ wá bá wa wẹ̀ ẹ́."

Wúlẹ̀mọ̀tù dìde. Ó mú ọṣẹ àti kànrìnkàn tí kò tíì kan omi. Nígbà tí wọ́n dé ilé, ó ní kí wọ́n gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ ọmọ sórí itan, ó fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́. Ó nà án lápá, ó nà án lẹ́sẹ̀, ó rọra ń tẹ orí rẹ̀ kó lè rí rogodo.

"Àjọkẹ́," ló ń pè é. "Àjọkẹ́ mi."

"Kí lẹ̀ ń ṣe?" ni Ràbíátù wí. "Wọ́n ti gbẹ́ sàréè tán."

Wúlẹ̀mọ̀tù kò gbójú sókè. "Èyí ni ìwẹ̀ tí ẹ fi dù mí. Ẹ lọ bu omi mìíràn wá fún iṣẹ́ tí ẹ pè mí sí."

Ràbíátù gbé àwo, ó lọ bu omi.