Ẹ̀wù Iṣẹ́ Màmá Tónítóní

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tá a fi ń pe alágbàfọ̀ ilé wa ní Màmá Tónítóní, ẹ gbé aṣọ tẹ́ ẹ ti sọ̀rètí nù lórí rẹ̀ fún un. Epo ọkọ̀ ni o, yíǹkì ni o, kò sí àbàwọ́n tí kì í túúbá níwájú rẹ̀. Yàrá mi kọjú sí tirẹ̀, okùn tó ń sá aṣọ sí sì gba iwájú fèrèsé mi kọjá, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí ṣojú mi kòrókòró.

Arábìnrin kan wà ládùúgbò tó máa ń kó ajá tí wọ́n pa tì lójú títì. Ọgbà rẹ̀ kún, ló bá ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n bá òun gba ọ̀kọ̀ọ̀kan sílé títí ẹni tó máa gbà á pátápátá yóò fi dé. Màmá gba ọ̀kan, ajá pupa kan tó ń tiro, tí etí rẹ̀ kan ti ya. Bàbá onílé gbà, àmọ́ ó ní ajá náà lè ṣe àlejò, kò gbọ́dọ̀ di ará ilé. Tí a ò bá rí ẹni gbà á kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kó padà sínú àgò onírin lọ́gbà arábìnrin náà. Màmá kúkú sọ ọ́ ní Àlejò, kí àtòun àti ajá má bàa gbàgbé.

Inú bí mi nígbà yẹn. Mo ní ta ló rán an níṣẹ́. Obìnrin tí kì í jẹ́ kí eṣinṣin bà lé aṣọ oníbàárà, òun ló wá lọ gbé irun ajá wọlé.

Ajá ò kọ́kọ́ jẹun. Abẹ́ tábìlì tí Màmá fi ń lọ aṣọ ló sá sí, ó ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ kan tí ooru mú, Màmá bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ jù sílẹ̀, ó lọ wẹ̀. Ìgbà tó máa padà dé, Àlejò ti fà á mọ́ra, ó gbé àgbọ̀n lé e, ó ń sùn. Nígbà tó jí ló jẹun. Láti ìgbà náà, ẹ̀wù tí Màmá bá bọ́ ni Àlejò ń sùn lé.

Àwọn tó fẹ́ gbà á ń wá, wọ́n ń lọ. Ọ̀kan ní kí lòun fẹ́ fi ajá tí kì í gbó ṣe. Òmíràn wo ẹsẹ̀ tó ń tiro, ó ní òun á padà wá. Ẹ mọ irú ìpadàwá yẹn. Ojú ọ̀run ti ń ṣú nígbà tí tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì dé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó tíṣà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò pe ajá, kò fọwọ́ kàn án, títí ajá fúnra rẹ̀ fi wá gbóòórùn bàtà rẹ̀. Èmi tí mò ń bínú alára mọ̀ pé Àlejò ti rílé.

Arábìnrin alájá sọ fún Màmá pé kó di ohun tí ajá ń sùn lé fún wọn, kí ara lè tù ú níbi tí kò mọ̀. Màmá gbọ́. Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n wá mú un, mo rí i tó ń fọ ẹ̀wù náà. Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó fi sítáàṣì sí i, ó lọ̀ ọ́ títí ó fi gún régé. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, aṣọ kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sílé ẹlòmíràn láìmọ́.

Nígbà tí wọ́n wá mú un, tí wọ́n tẹ́ ẹ̀wù náà sẹ́yìn mọ́tò, Àlejò gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó yí imú kúrò. Màmá ló ń wò láti ojú gíláàsì títí mọ́tò fi yà.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó tíṣà pè pé Àlejò ò jẹun, ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí. Màmá fẹ́ lọ. Arábìnrin alájá ní kó má lọ, pé tí ajá bá fojú kàn án tó tún fi í sílẹ̀, á burú ju ti tẹ́lẹ̀. Ó wá béèrè bóyá ẹ̀wù tí ajá ń sùn lé gan-an ló dì fún un. Màmá ní òun ni, òun tiẹ̀ fọ̀ ọ́ dáadáa. Arábìnrin náà ní, "Ẹ fọ̀ ọ́?" Màmá fìdí lé garawa tó dojú dé.

"Mo ti fi ọṣẹ fọ ara mi kúrò níbẹ̀," ó sọ fún mi. "Aṣọ ẹni tí kò mọ̀ rí ni mo dì fún un."

Ó wọ ẹ̀wù mìíràn, ó fi ṣiṣẹ́ nínú oòrùn títí ilẹ̀ fi ṣú, ó tún fi sùn. Ó ń dì í lọ́wọ́ láàárọ̀ kí arábìnrin alájá lè bá a gbé e lọ, ni fóònù dún. Nílé tíṣà, wọ́n ṣí géètì fún mọ́tò, Àlejò ti yọ́ jáde.

A wá a, kò sí ibi tí a ò dé, a ò rí i. Títì ńlá ló wà láàárín ilé wọn àti tiwa, ajá yẹn sì ń tiro. Màmá ń pe "Àlejò, Àlejò," àwọn èèyàn ń bojú wẹ̀yìn bóyá àwọn ló ń pè. Ohùn rẹ̀ há. Bàbá onílé ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Bí kì í bá ṣe ilé rẹ̀ ni mò ń gbé, ǹ bá fún un lésì. Fèrè wo? Ajá tó ń wá fèrè kiri, tí a sì ti fọ fèrè dànù.

Ìyàwó tíṣà fúnra rẹ̀ ló gbé ẹ̀wù àkọ́kọ́ padà wá, tẹkúntẹkún. Kò sí irun ajá kan lára rẹ̀. Ìlà tí Màmá fi áyọ́ọ̀nù fà sí i ṣì wà níbẹ̀.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ báyìí. Màmá ò fọ ẹ̀wù yẹn mọ́. Á wọ̀ ọ́ ṣiṣẹ́, tó bá ti gba òógùn tán, á sá a sórí okùn lápá títì, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ jáde, láàárín aṣọ funfun àwọn oníbàárà. Mo sọ fún un pé kò sí imú ajá tó lè gbóòórùn jìnnà débẹ̀ yẹn. Ó ní òun náà mọ̀.

Lánàá, oníbàárà kan tó wá gba aṣọ nawọ́ sí ẹ̀wù náà. "Màmá, èyí ò tíì mọ́ o."

"Ẹ ṣeun," Màmá dá a lóhùn.

Kò pẹ́ tí òjò dé. Màmá sáré jáde, ó ká ẹ̀wù dídọ̀tí náà mọ́yà wọlé, ó sì fi gbogbo aṣọ funfun oníbàárà sílẹ̀ nínú òjò.