Ẹlẹ́sẹ̀-Ìyẹ́ àti Orogún Aránṣọ

Ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọbìnrin Ẹlẹ́sẹ̀-Ìyẹ́ ni gbogbo àdúgbò lanu tí wọn ò rí i pa dé. Bàbá náà fúnra rẹ̀ ló fi mọ́tò kékeré rẹ̀ gbé ìyàwó lọ síbi ayẹyẹ. Ọkọ ìyàwó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ayàwòrán ti gbé kámẹ́rà sójú, èrò ti tò sọ́tùn-ún sósì. Wọ́n rí mọ́tò náà tó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ìgbín tó jẹun yó. Ó dé ọ̀dọ̀ wọn, kò dúró.

"Bàbá, a ti débẹ̀!" ni ìyàwó kígbe.

"Mo mọ̀. Òkè nibí. Ẹni tó bá dúró lórí òkè, epo ló máa fi bẹ ọ̀nà kó tó tún gbéra. Mo ti dín eré kù fún ọ. Ṣílẹ̀kùn, kó aṣọ ẹ jọ, bọ́ sílẹ̀!"

Àfi gbàgà tí ìlẹ̀kùn ṣí! Ẹsẹ̀ kan jáde, aṣọ funfun ya tẹ̀lé e bí ìfófòó ọṣẹ, ìyàwó sì ń sá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò bàbá rẹ̀ bí ẹni tó ń bá a du ipò kìíní. Ọkọ ìyàwó fò, ó gbá a mú. "Yéè!" ni gbogbo èrò figbe ta. Ẹnu ya ayàwòrán débi pé ó gbàgbé láti ya fọ́tò. Mọ́tò ò wẹ̀yìn, ó yí lọ títí ó fi rí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Kí Ẹlẹ́sẹ̀-Ìyẹ́ tó fẹsẹ̀ rìn padà dé, wọ́n ti so yìgì tán. Ó nu òógùn ojú rẹ̀, ó fọwọ́ gbá àna rẹ̀ léjìká. "O káre. Wàá gbádùn ọmọ tí mo fún ọ yìí. Kì í fi epo ṣòfò."

Aago ló ń tún ṣe kó tó di olówó mọ́tò. Ẹni tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ tẹ́tí sí irin tín-tìn-tín, tó wá ra mọ́tò, ẹ ò rí i pé etí ò ní jẹ́ kó sinmi? Ó ní òun ń gbọ́ bí epo ṣe ń sunkún nínú ẹ́ńjìnnì. Kì í wọ bàtà wa mọ́tò, ó ní bàtà ò gbédè pẹ́dà. Bó bá tẹ pẹ́dà epo, èèrà tó bá wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á bá a rin ìrìn àjò, á sì sọ̀kalẹ̀ ní àlàáfíà. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá.

Bíréèkì ni ọ̀tá rẹ̀. "Ìgbàkígbà tó o bá tẹ bíréèkì," ló máa ń wí, "epo tó o ti jó lo dà sí kòtò." Bó bá ti rí iná pupa lókèèrè réré, á gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà, mọ́tò á máa yí lọ fúnra rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn á tẹ fèrè títí etí á fẹ́rẹ̀ẹ́ di.

"Bàbá, ṣé ẹ ti sùn ni?"

"Ṣé iná pupa lẹ̀ ń sáré lọ kí? Ẹ bá mi kí i o!"

Wọ́n á sáré kọjá, wọ́n á lọ dúró gbagidi. Kí Ẹlẹ́sẹ̀-Ìyẹ́ tó dé, iná á ti yí padà, á sì kọjá lára wọn wọ́ọ́rọ́wọ́, á máa juwọ́ sí wọn bí ọba.

Ẹrù wíwúwo náà, èèwọ̀ ni. Àbúrò ìyàwó rẹ̀, alápatà tó sanra bí àgbá, wá bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ gbé mi dé ọjà."

Ẹlẹ́sẹ̀-Ìyẹ́ wò ó látòkè délẹ̀. "Kí lo jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n!"

"Ó dáa, wọlé. Ṣùgbọ́n fi àpò ọwọ́ ẹ yẹn sílẹ̀."

"Ẹran ni o. Ẹ̀yin ni mo gbé e wá fún."

"Háà! Èmi kẹ̀?" Ojú rẹ̀ là kedere. "Gbé ẹran wọlé. Ìwọ ni kó o máa fẹsẹ̀ bọ̀."

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Orogún ló ń pe mọ́tò náà. Bó bá jí, tó rí ọkọ rẹ̀ tó ń fi ìka tẹ táyà wò bóyá afẹ́fẹ́ pé, á ní, "Ẹ bá mi bi orogún mi bóyá ó sùn dáadáa." Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bẹ́rìn-ín bá tán, ọ̀rọ̀ kan máa ń kù sí Aránṣọ nínú bí egungun ẹja: láàárín òun àti epo, èwo gan-an ni ọkùnrin yìí fẹ́ràn?

Ó bi í lọ́jọ́ kan tí wọ́n jókòó ní pálọ̀. "Bàbá ọmọ mi, bí èmi àti jálá epo bá jábọ́ sódò, èwo lẹ máa kọ́kọ́ yọ?"

Ẹlẹ́sẹ̀-Ìyẹ́ ronú. Ó ronú pẹ́ ju bó ti yẹ kí ọkọ ronú lọ.

"Ìwọ ni," ló wí níkẹyìn.

Inú Aránṣọ dùn. "Ẹ ṣé o."

"Epo ṣáà máa ń léfòó."

Ẹnu ya Aránṣọ. "Ìyẹn ni pé bí epo bá mọ̀ ọ́n rì, mo gbé!" Ọjọ́ náà, aṣọ oníbàárà tó ń rán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rán an mọ́ ìka ara rẹ̀.

Ọ̀sán kan ni ìdáhùn dé. Aránṣọ ń gé aṣọ lọ́wọ́, àfi bí ẹni fi ọ̀bẹ gún un níkùn. Sísọ́ọ̀sì bọ́, òun náà ṣubú lulẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀-Ìyẹ́ gbé e sẹ́yìn mọ́tò. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò bọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni àdúgbò gbọ́ ohun tí wọn ò gbọ́ rí: ẹ́ńjìnnì mọ́tò yẹn ké ramúramù bíi kìnnìún. Fókanáísà tó máa ń fún táyà rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ ju irin iṣẹ́ sílẹ̀.

"Olè! Wọ́n ti jí mọ́tò Ẹlẹ́sẹ̀-Ìyẹ́ gbé o!"

Alápatà, pẹ̀lú gbogbo sísanra rẹ̀, gbá tẹ̀lé e.

Aránṣọ di ikùn mú lẹ́yìn mọ́tò, ẹ̀rù bà á ju bí ìrora ti ń dùn ún lọ. "Bàbá ọmọ mi, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé mo ti ń kú ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ ti tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta!"

"Dákẹ́, jàre. Di nǹkan mú!"

Ó já dé iwájú ilé ìwòsàn, ó gbé ìyàwó rẹ̀ wọlé bí ẹni gbé ẹyin. Ohun kan ti wú nínú ikùn rẹ̀, àwọn dókítà sì ní àwọn gbọ́dọ̀ là á lójú ẹsẹ̀. Alápatà kò pẹ́ dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò pa mọ́tò! Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, epo ń jó lásán!"

Ẹlẹ́sẹ̀-Ìyẹ́ ò tiẹ̀ wò ó. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbé Aránṣọ gbà wọlé ló tẹjú mọ́.

"Jẹ́ kó máa jó."

Àwọn tó mọ Ẹlẹ́sẹ̀-Ìyẹ́ ò gba alápatà gbọ́ títí dòní pé ó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Aránṣọ lajú, ọkọ rẹ̀ ló rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Mọ́tò dà?"

"Ó wà níta. Epo ló tán nínú ẹ̀."

"Epo tán? Lọ́wọ́ ta?" Ẹ̀rín gbá a mú, ó fọwọ́ ti ikùn. "Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín o! Mi ò mọ bí aránṣọ ibí yìí ṣe mọṣẹ́ tó, ojú ọgbẹ́ lè tú."

Nígbà tí wọ́n délé, Ẹlẹ́sẹ̀-Ìyẹ́ ń sọ fún gbogbo ayé pé tánkì ló jò. Aránṣọ ò já a nírọ́. Alápatà ti yọ́ ọ̀rọ̀ náà sọ fún un, Aránṣọ sì ti gbé egungun ẹja inú rẹ̀ mì.

Nígbà tó darúgbó, bí Ẹlẹ́sẹ̀-Ìyẹ́ ṣe ń wa mọ́tò náà ló ṣe fi ayé sílẹ̀: ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà, ó yí lọ jẹ́jẹ́, ó dúró láìtẹ bíréèkì. Lọ́jọ́ ìsìnkú, awakọ̀ tó gbé òkú rẹ̀ ń sáré. Aránṣọ kan gíláàsì kó-kó-kó. "Ọmọ mi, rọra. Ẹni tó o gbé sẹ́yìn yẹn, bó bá lè jókòó, ì bá ti bá ọ jà."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń wa mọ́tò kékeré náà báyìí. Bó bá fẹ́ gbé ìyá rẹ̀, á dín eré kù lẹ́nu ọ̀nà, ìyá àgbà á sì ṣílẹ̀kùn, á bẹ́ wọlé. Àwọn tó ń kọjá á figbe ta: "Ẹ̀ẹ́, Màmá!" Màmá á juwọ́ sí wọn bí ọba.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n padà délé, ọmọ nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́ láti pa ẹ́ńjìnnì. Ìyá rẹ̀ gbá a lọ́wọ́ mú.

"Má tíì pa á."

Ẹnu ya ọmọ, ọmọ bàbá rẹ̀ lóòótọ́. "Màámi! A ti dúró o. Epo ń jó lásán."

"Mo mọ̀," ni Aránṣọ wí. Ó fara ti àga, ó ń gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ti ń kùn. "Jẹ́ kó máa jó."