Ìgò Kékeré Tí Wọ́n Ní Ó Ṣófo

Ohun tí a pàdánù kò tó èérún iyọ̀ kan. Purotéènì ni, irú èyí tí ó wà nínú ara ènìyàn, tí ó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì ìgbà tí ó yẹ kí ó pín sí méjì àti ìgbà tí ó yẹ kí ó dúró. Wọ́n gbẹ omi kúrò lára rẹ̀ ní òkè òkun, wọ́n fi í sínú ìgò kan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí wa ní Port Harcourt. Ó wọ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wa, ṣùgbọ́n kò dé yàrá iṣẹ́ wa. Ìwọ tí a jọ wà níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1990 yẹn, tí o sì gbọ́ pé mo jí nǹkan, jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí fún ọ.

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn káńfọ̀, ilé ìkẹ́rùsí ilé ẹ̀kọ́ náà ni ọkàn mi máa ń lọ. Yàrá gígùn kan ni. Páànù orí rẹ̀ a máa gbóná débi pé àwọn páálí a rọ̀, wọ́n a lẹ̀ mọ́ ara wọn, òórùn ẹrẹ̀ etídò a sì máa gba ojú fèrèsé wọlé nígbà òjò. Ọkùnrin tí ó ń ṣọ́ ibẹ̀ jẹ́ ọmọ ìlú náà, ọlọ́yàyà ènìyàn tí kò lè rí mi kí ó má fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀. “Doctor Never-Finish” ni orúkọ tí ó sọ mí, nítorí pé ìwádìí oyè mi ti wọ ọdún kẹta. Àwa méjèèjì mọwọ́ ara wa. Ní àkókò yẹn, ìgò abẹ́rẹ́ tí ilé ìwòsàn ti lò tán ni a máa ń fọ̀, tí a máa ń sè, tí a sì tún máa ń lò, nítorí pé kò sí òmíràn. Èmi fúnra mi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé bí ó bá rí ìgò kékeré kankan tí ó ṣófo, kí ó má sọ ọ́ nù, kí ó bá mi fọ̀ ọ́. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fọ̀ wọ́n, tí ó ń dojú wọn dé sójú fèrèsé dè mí. Èmi náà a sì ra bọ̀ọ̀lì àti ẹja yíyan wá fún un lọ́sàn-án.

Ọdún méjì ni olùkọ́ mi, obìnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè, fi kọ lẹ́tà sí àwọn tí wọ́n ń ṣe purotéènì náà. Iṣẹ́ ìyanu ni mo kà á sí nígbà tí ó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi: wọ́n mú àbùdá ènìyàn, wọ́n fi í sínú bakitéríà, bakitéríà sì ń ṣe purotéènì ènìyàn fún wọn bí ẹni pé tirẹ̀ ni. A fẹ́ fi díẹ̀ sára àwọn sẹ́ẹ̀lì tí a ti rẹ sínú omi odò tí epo bà jẹ́, kí a lè mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń gbọ́ràn nígbà tí a bá ní kí wọ́n dúró. Àwọn ènìyàn ń mu omi náà, wọ́n sì ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Ìgò kan ṣoṣo ni àwọn ará òkè òkun náà gbà láti fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ti sọ fún wa pé kò ní sí èkejì.

Nígbà tí ó dé, òfin ilé ẹ̀kọ́ ni pé ẹrù òkè òkun kò gbọdọ̀ kúrò ní ilé ìkẹ́rùsí àfi bí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta bá jókòó, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n sì fọwọ́ síwèé. Wọ́n fi tàdáwà pupa kọ ọ́ sára páálí pé inú yìnyín ni kí ó wà. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ó fi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá àwọn ike ọ̀dà. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà wà ní Onne, níbi tí ó ti ń dúró de ẹrù mìíràn ní èbúté. Olùkọ́ mi kọ̀wé, ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Èmi lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. “My brother, no be me,” ni ọ̀rẹ́ mi olùṣọ́ ń wí. “Committee never sit.”

Ní ọjọ́ kejìlá, mo tún lọ. Bí ó ti rí mi ni ó pariwo. “Doctor! Today na your day. See fine bottle wey I keep for you, e get rubber cover. Na hot water I take wash am o!”

Ó gbé ìgò kan lé mi lọ́wọ́. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ni n kò tíì lè dárí rẹ̀ ji ara mi: mo ti dúpẹ́ kí n tó yí ìgò náà, kí n tó rí ìdajì lébẹ́ẹ̀lì tí kò tíì ṣí, kí n sì tó ka orúkọ purotéènì wa lára rẹ̀.

“Wetin dey inside?” ni mo bi í.

“Inside ke? Nothing dey inside. Three big men look am. Dem even raise am for sun.”

Ó fi ìwé tí ìgbìmọ̀ kọ láàárọ̀ ọjọ́ náà hàn mí. Ìgò kan, òfìfo. Àwọn mẹ́ta náà ti fọwọ́ sí i. Ohun tí wọ́n ń wá kò lè hàn sí ojú lásán, bí omi rẹ̀ bá ti gbẹ, ó kàn ń lẹ̀ mọ́ ara ìgò ni. Ooru ọjọ́ mọ́kànlá pàápàá lè má pa á. Omi gbígbóná ló ṣe é.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, èmi ni ìgbìmọ̀ náà kọ̀wé sí pé kí n wá ṣàlàyé ibi tí ohun inú ìgò gbé wà, nítorí pé mo ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó ṣí i. Mo gbé ìwé náà dé àdúgbò Rumuokwuta, sọ́dọ̀ ọmọ ìlú mi kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó ń tún fìríìjì ṣe, tí mo ń gbé inú ilé rẹ̀.

“Kí ni wọ́n ní o jí?” ni ó bi mí.

“Ohun tí ó wà nínú ìgò ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Ṣebí o ní wọ́n kọ ọ́ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́.”

Ó wò mí, ó wo fìríìjì tí ó tú sílẹ̀. “Àbúrò, ṣé ìwé yìí náà ni ẹ fi ọdún rẹpẹtẹ kà?” Lẹ́yìn náà ni ó fọwọ́ kan páìpù ẹ̀yìn fìríìjì náà. “Lọ bi wọ́n bóyá wọ́n ti fojú rí gáàsì inú eléyìí rí. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí níbẹ̀, omi wọn kò ní tutù.”

Mo lọ bi wọ́n. Alága ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ó dára. Fi ohun tí ó tutù hàn wá.” Mo sọ fún wọn pé a ti fọ ìgò náà. Wọ́n pe olùṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí, ó sì jẹ́wọ́ pé èmi ni mo ní kí òun máa fọ ìgò. Òótọ́ ni ó sọ. Òótọ́ náà ni wọ́n sì fi dè mí: wọ́n ní mo ti ṣètò rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí ẹ̀rí lè sọnù. Ó wo ojú mi bí ó ti ń jáde lọ, kò sì tún fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì mi pé wọ́n fura sí mi, ẹ̀rí ni kò tó. Olùkọ́ mi fi ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Èmi fi iṣẹ́ lórí ìwúkàrà búrẹ́dì gba oyè mi, a kò sì mọ ohun tí omi odò náà ń ṣe sí sẹ́ẹ̀lì ẹnikẹ́ni. Èyí tí ó tún dà mí lọ́kàn rú jù ni pé n kò lè búra pé nǹkan wà nínú ìgò náà. Àwọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní àwọn fi í sí i. Mo máa ń gbà wọ́n gbọ́ láàárọ̀, nígbà tí ó bá di ìrọ̀lẹ́ ni mo tún ń ṣiyèméjì. Àwọn tí wọ́n bà á jẹ́ gba ìmọ̀ yẹn pàápàá lọ́wọ́ mi.

Mo ti dáhùn tèmi ní gbangba: èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n máa fọ ìgò. Ó kù sọ́wọ́ ẹ̀yin mẹ́ta tí ẹ fọwọ́ síwèé. Ta ló fún yín láṣẹ láti ṣí ẹrù tí àṣẹ pupa wà lára rẹ̀, láìpe ọ̀kan nínú àwa tí a mọ ohun tí ó wà níbẹ̀? Bí ìgò náà bá ṣófo, ẹ sọ ohun tí mo jí. Bí kò bá sì ṣófo, ẹ jáde wá sọ ìdí tí ẹ fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì yọ orúkọ mi kúrò nínú fáìlì yẹn.