Ìyá Tí Kì Í Jíire

"Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá! Ṣé ẹ jíire?"

"Èmi tí n ò sùn, ibo ni mo ti fẹ́ jí?"

Bí ìyá bàbá mi ṣe máa ń dáhùn nìyẹn, láìgbójú sókè. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń rín àgbọn lára páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu, shà, shà, shà, tí òórùn àdí àgbọn á gba gbogbo àgbàlá wa ní Ọ̀jọ́. Ẹni tó kí wọn á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á yára gba ọ̀nà ọ̀sà lọ.

Látìgbà tí bàbá wa àgbà ti kú loorun ti kọ Ìyá sílẹ̀. Wọ́n mu àgbo títí, ó sú wọn, ni wọ́n bá kúkú sọ àìsùn di iṣẹ́. Olóòótọ́ paraku ni wọ́n, olórí kunkun sì ni wọ́n pẹ̀lú. Èmi tá a jọ ń sùn lórí ẹní kan nìkan ni wọ́n ń sọ tinú wọn fún. "Ọmọ mi, òru gùn o. Tẹ́ ẹ bá ti sùn tán, ó máa ń dà bíi pé gbogbo yín kó lọ sílùú míì, ẹ wá fi èmi nìkan sílẹ̀."

Ìyàwó àbúrò bàbá mi wá bímọ ọkùnrin. Ta ló yẹ kó wẹ ọmọ tuntun bí kò ṣe ìyá ọkọ? Ìyá ti fi kànrìnkàn tó rọ̀ pa mọ́, wọ́n ti re àdí tó mọ́ jù sínú ìgò. Wọ́n na ọwọ́ sí ọmọ. Ìyàwó fà á mọ́ àyà.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Màámi ń bọ̀ láti Ìbà, àwọn ló máa wẹ̀ ẹ́."

Háà! Àwọn aládùúgbò ló ti fọ̀rọ̀ kún ìyàwó létí: ẹni tí kì í sùn lóru, kí ló ń ṣọ́? Wọn ò dárúkọ àjẹ́ o. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ fún un, ó sì di odindi nínú ẹ̀.

Àbúrò bàbá mi wá lóṣòó síwájú Ìyá. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá kí yín, ẹ máa dáhùn bí aráyé ṣe ń dáhùn."

"Kí n máa purọ́?"

"Ẹ ṣáà ní ẹ sùn."

Ìyá tẹjú mọ́ ọwọ́ wọn méjèèjì. Inú bí mi, mo fẹ́ sunkún.

Láti ọjọ́ kejì, a ò gbọ́ àgbọn rírín mọ́ kílẹ̀ tó mọ́. Ìyá á kọjú sógiri, wọ́n á tiẹ̀ máa hanrun. Àwọn àgbà ní ẹni tó sùn là á jí, a kì í jí apirọrọ. Apirọrọ ni Ìyá mi dà. Tí wọ́n bá kí wọn, "A dúpẹ́ o, mo sùn fọnfọn!"

Kò pẹ́, ìyàwó fúnra ẹ̀ gbé ọmọ wá. Ìyá wẹ̀ ẹ́, wọ́n nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, wọ́n fi àdí pa á lára, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Inú gbogbo wa dùn.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo sún mọ́ wọn, mo sọ ọ́ sí wọn létí. "Ìyá, òru tún gùn, àbí?"

"Rárá o, ọmọ mi. Mo sùn."

Àní èmi tá a jọ ń sùn lórí ẹní kan náà! Bí wọ́n ṣe ń dá mi lóhùn nìyẹn títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Èmi náà ti dàgbà báyìí. Tí mo bá kí arúgbó tó sì ní òun sùn dáadáa, n kì í kọjá lọ. Mo máa ń fa àpótí, màá jókòó tì í, n ò ní bi í ní nǹkan kan. Àwọn mìíràn máa ń sọ òótọ́ tó bá yá. Ìyá mi ò sọ ọ́ mọ́ láéláé.