Bí Mo Ṣe Ń Fi Ìkíni Ṣọ́ Ọkọ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà Oko

Ọdún tí wọ́n pààrọ̀ àwọ̀ owó náírà ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìṣọ́kọ̀. Ẹ má rò pé mo gbé ìbọn o. Àpótí ìjókòó kan, igbá ẹ̀gúsí kan àti ẹnu mi ni mo fi ṣe é.

Lápá Olúpọ̀nnà ni, níbi tí ọ̀nà mọ́tò ti parí lábẹ́ igi òdán kan. Odò wà níwájú tí mọ́tò ò lè là kọjá, ẹsẹ̀ ni gbogbo èèyàn fi ń wọ oko kòkó. Kẹ̀kẹ́, alùpùpù, pijó akẹ́rù, ibẹ̀ ni wọ́n ń fi wọ́n sí títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn olè sì ti mọ̀ pé kò sẹ́nìkan níbẹ̀. Wọ́n á fọ́ gíláàsì, wọ́n á kó àdá, wọ́n á kó bàtà òjò. Èyí tó ń dun àwọn àgbẹ̀ jù ni pọ́ǹpù tí wọ́n fi ń fín kòkó. Ẹni tí wọ́n bá jí tiẹ̀ gbé nígbà òjò, orí igi ni kòkó rẹ̀ máa dúdú sí.

Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Ẹ̀gúsí ni mò ń bá àwọn èèyàn bó kí àwọn ọmọ mi lè jẹun. Bàbá Ràímì, olórí àwọn àgbẹ̀ ọ̀nà náà, wá bá mi nílé.

"Ìyá Síkírù, ṣé ilé yìí ló ń bó ẹ̀gúsí ni, àbí ọwọ́ rẹ?"

Mo kúnlẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ mi ni, Bàbá."

"Ó dáa. Gbé ọwọ́ rẹ wá sábẹ́ igi òdán. Ojú rẹ la fẹ́ yá."

Bí mo ṣe débẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ti oko bọ̀ á já iṣu sílẹ̀ fún mi, òmíràn á já ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ebi ò pa àwọn ọmọ mi mọ́.

Bàbá Ràímì ló kọ́ mi níṣẹ́. Wọ́n ní, "Ojú lolè fi ń jí nǹkan kó tó na ọwọ́." Nítorí náà, ẹni tó bá gbé ọkọ̀ dé, mo máa ní kó kó ẹrù rẹ̀ dání, kó sì ṣí inú ọkọ̀ sílẹ̀ kí gbogbo ayé rí i pé òfìfo ni. Wọ́n tún ní olè ò fẹ́ kí wọ́n kí òun. Ẹni tí a bá ti béèrè ilé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í yá sí nǹkan oní-nǹkan mọ́.

Alhaji Múfú, tó ni pijó, ni ò fẹ́ gbọ́. "Ṣé ìwọ lo ni ọkọ̀ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ín, Alhaji. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kó ẹrù yín."

Ó rojú, ó fi tapólì bo pọ́ǹpù rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ó lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òjò ńlá lé mi lọ sábẹ́ ahéré kan. Kí n tó padà, pọ́ǹpù ti lọ.

Alhaji pariwo lójú gbogbo èèyàn. "Ta ló mọ̀ pé ó wà lábẹ́ tapólì, bí kì í bá ṣe ìwọ?" Àwọn kan ti ń wí pé kí wọ́n wá ọkùnrin síbẹ̀. Mo sunkún. Oúnjẹ àwọn ọmọ mi ń lọ, orúkọ mi sì ń bá a lọ.

Bàbá Ràímì dìde. "Pọ́ǹpù wúwo, òjò sì ń rọ̀. Ẹni tó jí i ò lè gbé e jìnnà. Inú igbó ló fi í sí, ó máa padà wá gbé e. Ẹ fi obìnrin yìí sílẹ̀ di ọjọ́ ọjà."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ dé. Ó fi àdá kọ́ èjìká, àpò òfìfo wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó kí mi, mo kí i padà.

"Ọmọ ilé ta ni yín?"

"Ilé Alágbẹ̀dẹ, ní Ilé-Ogbó."

Háà! Ilé ìyá mi ni! Inú mi dùn, mo di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, mo ń kí i lákìítúnkí. Ó kàn ń wo inú igbó. Ara wá bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí. Mo béèrè àgbà obìnrin kan nínú ilé náà.

"Ìyá Adíjà ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa."

"Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ńkọ́?"

"Ó ti san. Àní wọ́n ní tí n bá rí yín, kí n kí yín."

Ìyá Adíjà tí a sin lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí mo wà níbi àdúrà wọn! Mo figbe ta: "Ẹ gbà mí o! Òkú kí mi o!"

Àwọn àgbẹ̀ tó wà létí odò gbọ́. Àwọn kan kọ́kọ́ sá lọ ná, wọ́n rò pé iwin ni. Bàbá Ràímì ló pè wọ́n padà. Ọkùnrin náà ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó já wọ igbó, ó rò pé kò sẹ́ni tó máa lé òun, wọ́n sì mú un níbi tó ti ń ṣí imọ̀ ọ̀pẹ kúrò lórí pọ́ǹpù Alhaji. Bàbá ò jẹ́ kí wọ́n nà án. Àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n mú un lọ.

Nírọ̀lẹ́, Alhaji àti ìyàwó rẹ̀ wá sílé mi. "Mo bà ọ́ lórúkọ jẹ́, Ìyá Síkírù. Dárí jì mí." Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti kan páànù sókè ibi tí mò ń jókòó sí, kí òjò má lé mi mọ́. Láti ìgbà náà, tó bá ti ń bọ̀, á fun fèrè ọkọ̀.

"Ìyá Síkírù, òkú kí ọ o!"

"Mo gbọ́, Alhaji. Ẹ kó ẹrù yín!"

Á máa rẹ́rìn-ín, á sì gbé pọ́ǹpù rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣe afárá sórí odò náà, tí mọ́tò ń wọ oko, iṣẹ́ mi parí. Abẹ́ igi yẹn ni mo ti tọ́ àwọn ọmọ mi tí gbogbo wọn fi kọ́ṣẹ́ yanjú. Alhamdulilahi. Kí Ọlọ́run tẹ́ Bàbá Ràímì sáfẹ́fẹ́ rere.

Alhaji náà ti lọ bá wọn. Nígbà ọdún Iléyá tó kọjá, ọmọ rẹ̀ gbé ẹran wá fún mi, ó dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, Bàbá wa ní kí n máa kí yín."

Òkú kí mi lóòótọ́ lọ́jọ́ náà. Mi ò pariwo. Mo ní, "Mo gbọ́ o, ọmọ mi. Tí o bá dé ibojì wọn, bá mi kí wọn."